Omi Tí Ń Hó Láìsí Iná: Ìtàn Ariwo Tí Ó Ń Tú Àṣírí Ọkọ̀ Abẹ́ Òkun

Ní ọjọ́ 26 oṣù Okúdù, ọdún 1897, àwọn ọkọ̀ ogun tí ó lé ní 150 tò lọ bẹẹrẹ lójú omi Spithead, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún tí Ọbabìnrin Victoria ti lò lórí ìtẹ́ ni wọ́n wá ṣe. Àwọn ọmọ ọba wà níbẹ̀, àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ológun ojú omi tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé rí agbára wọn. Níbi tí ètò ti ń lọ ní mẹ̀lọ̀mẹ̀lọ̀ ni ọkọ̀ kékeré kan ti yọ sí àárín àwọn ọkọ̀ ńláńlá náà. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 32 lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Turbinia. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ gbá tẹ̀ lé e láti lé e jáde, ṣùgbọ́n wọn kò bá a. Ó lè sá tó nọ́ọ̀tì 34, èyí tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 63 ní wákàtí kan, kò sì sí ọkọ̀ ojú omi mìíràn láyé nígbà náà tí ó lè sá bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹnu yà lọ́jọ́ náà kò mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ yìí sómi ní ọdún 1894, kò lè sá tó nọ́ọ̀tì 20. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò lẹ, iná rẹ̀ kò kú, epo kò sì wọ́n ọn. Omi gan-an ni kò gbà fún un. Bí abẹ̀bẹ̀ onírin tí ń ti ọkọ̀ lọ síwájú ti ń yí kíkankíkan tó, bẹ́ẹ̀ ni omi tí ó yẹ kí ó di mú ń ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìtàn bí omi ṣe ń ya, àti ariwo tí ó máa ń pa bí ó bá ya, ni ìtàn tí ó so ọkọ̀ kékeré yìí pọ̀ mọ́ ogun abẹ́ òkun, mọ́ ẹjọ́ láàárín àwọn ìjọba ńlá, àti mọ́ àlàáfíà àwọn àbùùbùtán tí ń bẹ nínú ibú lónìí.

Orúkọ tí wọ́n sọ àrùn náà

Kì í ṣe Turbinia ni àrùn náà kọ́kọ́ kọlù. Ní ọdún 1894 yìí kan náà, ilé-iṣẹ́ Thornycroft tí ń kan ọkọ̀ ní Chiswick, lẹ́bàá odò Thames, ń dán ọkọ̀ ogun tuntun kan wò fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Daring ni wọ́n sọ ọ́. Àdéhùn ni pé yóò sá nọ́ọ̀tì 27. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tì í sómi, nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 24 ni ó sá mọ. Bí wọ́n ti ń fi agbára kún ẹ̀rọ, abẹ̀bẹ̀ ń yára sí i, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò yára bí agbára náà ti tó. Ṣe ni gbogbo ara ọkọ̀ kàn ń gbọ̀n.

Sydney Barnaby, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilé-iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ John Thornycroft, jókòó ti ọ̀ràn yìí. Wọ́n rí i pé àwọn apá abẹ̀bẹ̀ náà kéré ju iṣẹ́ tí a gbé lé wọn lọ. Wọ́n ń fa omi lẹ́yìn ju bí omi ti lè fara dà lọ, omi sì ń já, ihò sì ń dá sílẹ̀ níbi tí ó ti já. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀, tí wọ́n fi èyí tí apá rẹ̀ fẹ̀ dáadáa síbẹ̀, Daring sá ju nọ́ọ̀tì 28 lọ. Àbájáde ìwádìí wọn jáde ní ọdún 1895. Robert Edmund Froude, ọmọ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká onímọ̀ ọkọ̀ nì, William Froude, ni ó dábàá orúkọ tí wọ́n fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà: cavitation. Inú ọ̀rọ̀ èdè Látìn tí ó túmọ̀ sí ihò ni wọ́n ti yọ orúkọ náà.

Bí omi ṣe ń hó láìsí iná

Ẹni tí ó bá ti se omi rí mọ̀ pé iná ni í mú kí omi hó. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè wa ní ìwúwo, ìwúwo yìí sì ń tẹ omi mọ́lẹ̀ nígbà gbogbo. Kí omi tó lè hó, ooru inú rẹ̀ ní láti borí agbára ìtẹ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń tètè hó lórí òkè gíga fíofío, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti wúwo tó ti ìsàlẹ̀. Bí ènìyàn bá lè dín agbára ìtẹ̀ kù títí tí yóò fi di nǹkan bí ìdá kan nínú 43 ti afẹ́fẹ́ tí ó wà ní etí òkun, omi tútù tí ń bẹ nínú agbada, tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ kò ju 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò hó, kò sì ní jó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Osborne Reynolds, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Manchester, fi èyí han àwọn ènìyàn ní ojúkorojú ní ọdún 1894. Ó mú kí omi sáré gba inú páìpù onígíláàsì tí àárín rẹ̀ fún, omi náà sì hó ní ibi tí ó fún náà, láìjẹ́ pé iná kankan wà nítòsí.

Eré ni ó fa èyí. Láti ọdún 1738 ni Daniel Bernoulli ti kọ ọ́ sínú ìwé pé níbi tí omi bá ti ń sáré, agbára ìtẹ̀ rẹ̀ á dín kù. Apá abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ àti apá abẹ́ omi, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe bí apá ẹyẹ láti gbé ọkọ̀ sókè, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́. Wọ́n tẹ̀ wọ́n kọrọdọ díẹ̀, tí omi tí ń gba ẹ̀yìn wọn kọjá fi ń sáré ju èyí tí ń gba ojú wọn lọ. Agbára ìtẹ̀ á dín kù lẹ́yìn, á pọ̀ lójú, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni í sì ti irin náà. Láìsí ìyàtọ̀ yẹn, ọkọ̀ kò ní lọ, ẹyẹ kò sì ní fò. Ṣùgbọ́n bí eré bá pọ̀ jù, agbára ìtẹ̀ ẹ̀yìn apá náà á lọ sílẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí omi tútù ti lè hó. Ibẹ̀ ni cavitation ti ń bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, omi kì í ṣàdédé ya. Omi tí ó mọ́ gaara, tí kò sí ẹ̀gbin tàbí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, lè fara da fífà gidigidi kí ó tó já. Omi òkun kò mọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kún fún eruku wẹ́wẹ́ àti afẹ́fẹ́ tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n sá pamọ́ sínú àlàfo ara eruku náà. Àwọn afẹ́fẹ́ tíntìntín yìí ni irúgbìn ìṣòro. Bí omi bá gbé ọ̀kan nínú wọn dé ibi tí agbára ìtẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ooru omi á rọ́ wọ inú rẹ̀, á sì fẹ̀ wùú bí ẹni fẹ́ bàlúùnù. Ibi mẹ́ta ni èyí sábà máa ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀: ní etí iwájú irin náà níbi tí omi ti kọ́kọ́ yà sí méjì, ní ojú ibikíbi tí irin náà bá ti rí gbágungbàgun, àti ní ṣónṣó apá náà, níbi tí omi ti ń lọ́ bí ìjì kékeré. Àárín ìjì kékeré yẹn ni agbára ìtẹ̀ ti ń kéré jù, nítorí náà, ibẹ̀ ni ihò àkọ́kọ́ sábà máa ń yọ sí, tí yóò tò tẹ̀ lé ara wọn bí okùn funfun lẹ́yìn ọkọ̀.

Bí fífẹ̀ ihò náà bá jẹ́ òpin ọ̀rọ̀, ìbá má sí ariwo. Ṣùgbọ́n omi kò dúró. Láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ó ti gbé ihò náà kọjá lọ sí ibi tí agbára ìtẹ̀ ti padà pọ̀. Ooru tí ó kún inú ihò náà á padà di omi lẹ́ẹ̀kan náà, ihò á sì ṣófo. Omi tí ó yí i ká á rọ́ wọlé láti ìhà gbogbo, á sì fi orí gbá ara rẹ̀ ní àárín. Gbígbá yẹn ni ariwo. Ọ̀kan ṣoṣo kò ju pé kí ènìyàn ta ìka lọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni í fọ́ pọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fi etí sí i á gbọ́ ohun tí ó dà bí gúgúrú tí ń ta nínú ìkòkò, tàbí bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta wẹ́wẹ́ sórí páànù.

Parsons àti agbada bàbà

Charles Parsons, ẹni tí ó ni Turbinia, kò fi ìbínú sọ irin rẹ̀ nù. Òun ni ó ṣe ẹ̀rọ tọ́báìnì onítọ́ọ̀mù ooru omi ní ọdún 1884, gbogbo ìrètí rẹ̀ sì ni láti fi hàn pé tọ́báìnì lè wa ọkọ̀. Ó pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀ títí, kò sí èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí ó yá, ó pinnu láti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ omi.

Ní ọdún 1895, ó fi bàbà ṣe agbada kan tí omi lè máa yí po nínú rẹ̀, ó ṣí fèrèsé gíláàsì sí i lára, ó sì fi abẹ̀bẹ̀ kékeré kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sínú rẹ̀. Kí ihò lè tètè yọ láìjẹ́ pé abẹ̀bẹ̀ náà ń sáré àsápajúdé, ó mú omi náà gbóná dé ibi tí ó kù díẹ̀ kí ó hó. Nítorí pé ojú kò lè bá ohun tí ń yí bẹ́ẹ̀ mu, ó ṣètò iná tí í tàn bẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré ní gbogbo ìgbà tí abẹ̀bẹ̀ bá yípo, tí ó fi dà bí ẹni pé abẹ̀bẹ̀ náà dúró sójú kan. Báyìí ni ó ṣe rí ihò náà bí ó ti ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn irin. Agbada kékeré yẹn ni baba ńlá gbogbo ihò omi àdánwò tí àwọn onímọ̀ ọkọ̀ ń lò káàkiri àgbáyé títí di òní.

Ohun tí ó rí nínú agbada náà kọ́ ọ ní ọgbọ́n. Kò sí abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tí ó lè gbé gbogbo agbára tọ́báìnì náà láìya omi. Ó pín ẹrù náà. Ó yọ tọ́báìnì kan ṣoṣo tí ó wà nínú ọkọ̀, ó fi mẹ́ta rọ́pò rẹ̀, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá tirẹ̀, ó sì fi abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta sí ara ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Abẹ̀bẹ̀ mẹ́sàn-án ni ó wà lábẹ́ Turbinia lọ́jọ́ tí ó fi Spithead ṣe eré. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí tọ́báìnì fi wọ inú Dreadnought, ọkọ̀ ogun tí ó sọ gbogbo ọkọ̀ ogun ìgbà náà di ti àtijọ́ ní ọdún 1906.

Irin tí omi jẹ, àti ìkòkò tí ń kọrin

Bí ọkọ̀ ti ń tóbi sí i, ọ̀ràn mìíràn yọjú. Àwọn ọkọ̀ èrò ńláńlá bíi Lusitania àti Mauretania, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1907, ń sáré gan-an, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé wọn gúnlẹ̀ fún àtúnṣe, abẹ̀bẹ̀ wọn á ti lu bí ẹni pé kòkòrò jẹ ẹ́. Iyọ̀ inú òkun ni àwọn kan dá lẹ́bi. Ní ọdún 1915, láàárín Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, Parsons sì wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí.

Ìdáhùn tí ó mọ́lẹ̀ jù wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Lord Rayleigh, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìgbà náà, ti ka ohun tí Reynolds kọ nípa ìkòkò omi tíì. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gbé ìkòkò omi kaná ló mọ̀ pé kí omi tó hó ni ó ti ń kùn. Bí ó bá wá hó tán, ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀. Ohun tí ó fà á ni pé ìsàlẹ̀ ìkòkò ti gbóná tó láti bí ihò ooru nígbà tí omi òkè ṣì tutù. Ihò náà á gòkè, á pàdé omi tútù, á sì fọ́. Fífọ́ wọn ni ìkùn náà. Nígbà tí gbogbo omi bá gbóná tán, ihò kì í fọ́ mọ́ kí ó tó dé òkè, ariwo náà á sì dínkù.

Ní ọdún 1917, Rayleigh fi ìṣirò wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ó fi hàn pé bí ihò kan bá sún kì títí fífẹ̀ rẹ̀ fi di ìdá kan nínú 20 ti tẹ́lẹ̀, agbára ìtẹ̀ inú omi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò lé ní ìlọ́po 1,200 ti àyíká. Kò sí irin tí irú ìlù bẹ́ẹ̀ lè máa bà lójoojúmọ́ tí kò ní yọ gbẹ̀rẹ́. Parsons àti Stanley Cook tẹ̀ lé e ní ọdún 1919 pẹ̀lú àdánwò tí ó fi hàn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Lílù ni omi ń lu irin. Ohun tí ń jẹ irin àti ohun tí ń pariwo, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹni tí ó bá yára, a ó gbọ́ ọ

Àwọn tí ń kan ọkọ̀ èrò kò ka ariwo náà sí nǹkan kan. Eré tí ó sọnù àti irin tí ó lu ni ó dùn wọ́n. Ogun ni ó yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Ọkọ̀ ogun abẹ́ omi kò ní ààbò mìíràn ju pé kí á má mọ ibi tí ó wà. Ojú kò ríran jìnnà nínú òkun, ṣùgbọ́n ohùn ń rìn jìnnà níbẹ̀ ju bí ó ti ń rìn nínú afẹ́fẹ́ lọ. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì fi dé, etí ni wọ́n fi ń ṣọdẹ lábẹ́ omi. Ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi tí ọ̀tá ń lé ní láti yan ọ̀kan nínú méjì: kí ó sáré, kí ihò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, kí ọ̀tá sì gbọ́; tàbí kí ó máa yọ́ lọ jẹ́jẹ́, kí bọ́ǹbù sì máa já bọ́ lórí rẹ̀ kí ó tó kúrò níbẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kan ni ibú. Gbogbo mítà 10 tí ọkọ̀ bá fi wọlẹ̀ ń fi ìwúwo tí ó tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ òkè kún agbára ìtẹ̀. Ní mítà 90, omi ń tẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ju ti ojú òkun lọ, ihò kò sì lè tètè yọ. Nítorí náà, eré tí ó lè tú àṣírí ọkọ̀ nítòsí ojú omi lè má pariwo rárá nínú ibú. Gbogbo ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi ni ó ní láti mọ eré tí òun lè sá ní ibú kọ̀ọ̀kan kí ihò tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ogun yìí kan náà ni àwọn tí ń fetí sí òkun ti ń gbọ́ ariwo kan tí kì í ṣe ti ọkọ̀. Ní àwọn etíkun tí omi rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, ó máa ń ta pàràpàrà bí igi gbígbẹ nínú iná, tọ̀sán tòru. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé edé kékeré kan ni, tí ọwọ́ ẹ̀mú rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni gbogbo ènìyàn fi rò pé ẹ̀mú tí ń kàn mọ́ra ni ó ń dún. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Twente, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi kámẹ́rà ayára-bí-àṣá wo edé náà. Wọ́n rí i pé bí ẹ̀mú náà bá pa dé, omi á tú jáde láti inú rẹ̀ pẹ̀lú eré tí ó fi ń ya. Ihò á yọ, á sì fọ́, fífọ́ náà ni ó sì ń dún. Ohun tí ọmọ ènìyàn ń sá fún ni edé fi ń pa ẹran jẹ.

Abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò

Lẹ́yìn ogun, Amẹ́ríkà àti ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì kọjú sí ara wọn. Láti àwọn ọdún 1950 ni Amẹ́ríkà ti ń tẹ́ ẹ̀rọ agbóhùn sí ìsàlẹ̀ òkun láti máa gbọ́ ìrìn ọkọ̀ abẹ́ omi Sófíẹ́ẹ̀tì. Bí ọkọ̀ náà ti ń lo agbára átọ́ọ̀mù, tí ó sì ń gbé bọ́ǹbù tí ó lè pa ìlú run, mímọ ibi tí ó wà di ọ̀ràn ikú àti ìyè. Ìrísí abẹ̀bẹ̀ di àṣírí ìjọba. Wọ́n tẹ apá rẹ̀ bí dòjé, wọ́n sì sọ ọ́ di méje lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kí omi má bàa ya lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ fún àtúnṣe, wọ́n á fi aṣọ bo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bí ẹni bo eégún.

Ibi tí àṣírí bá wà ni olófòófó ń wà. Ní oṣù Èbìbí ọdún 1985, wọ́n mú John Walker, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ti ń ta àṣírí fún Sófíẹ́ẹ̀tì láti ìparí àwọn ọdún 1960. Lára ohun tí àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì rí kọ́ ni bí ọkọ̀ wọn ti ń pariwo tó létí ọ̀tá. Ní ọdún 1987, ọ̀rọ̀ mìíràn tú síta: ilé-iṣẹ́ Toshiba Machine ti Jàpáànù ti ta ẹ̀rọ agbẹ́rin ńlá fún Sófíẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Kongsberg ti Nọ́wè sì ti ta kọ̀ǹpútà tí ń darí wọn, lòdì sí òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè náà jọ fọwọ́ sí. Ẹ̀rọ wọ̀nyí lè gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ kí ó dán, kí ó sì gún régé láìsí àṣìṣe, bẹ́ẹ̀ gbágungbàgun ojú irin wà lára ohun tí ń bí ihò. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà kan fi òòlù fọ́ rédíò Toshiba ní gbangba níwájú ilé aṣòfin. Alága àti ààrẹ Toshiba fi ipò wọn sílẹ̀ ní oṣù Agẹmọ ọdún náà. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé ọkọ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì ti ń dákẹ́ kí ẹ̀rọ náà tó dé. Bí ó ti wù kí ó rí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ abẹ̀bẹ̀ ti di ohun tí ìjọba mẹ́rin ń torí rẹ̀ bínú.

Àwọn tí kò sá fún ihò

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ alápá-abẹ́-omi gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, ọdún 1919, ọkọ̀ HD-4 tí Alexander Graham Bell, ẹni tí a mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, àti Casey Baldwin ṣe, dúró lórí apá irin lábẹ́ omi adágún Bras d'Or ní Kánádà, ó sì sá ju máìlì 70 lọ ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó fẹ́ kọjá nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 50 lórí apá abẹ́ omi ní ń pàdé ògiri kan náà: apá náà kò jìn sínú omi, nítorí náà ihò tètè ń yọ lórí rẹ̀, agbára tí ó fi ń gbé ọkọ̀ á sì já sílẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1950, Marshall Tulin ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé bí a kò bá lè lé ihò lọ, kí a fún un láyè. Bí wọ́n bá ṣe apá náà kí ihò kan ṣoṣo bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì gùn kọjá ara irin, fífọ́ rẹ̀ á ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, kò sì ní lu irin mọ́. Ọgbọ́n tí ó sún mọ́ èyí ni Paul Larsen lò ní Walvis Bay, ní Nàmíbíà, ní ọjọ́ 24 oṣù Bélú, ọdún 2012. Ọkọ̀ rẹ̀, Sailrocket 2, tí kò ní ẹ̀rọ kankan, tí afẹ́fẹ́ nìkan ń gbé lọ, sá nọ́ọ̀tì 65.45. Apá abẹ́ omi rẹ̀ rí bí èèkàn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ge gìdì, tí ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé dípò kí omi ya fúnra rẹ̀.

Àwọn tí kò sí nínú ìjà

Àwọn ológun ti ná owó tabua kí ọkọ̀ wọn lè dákẹ́. Ọkọ̀ ajé kò ní ìdí láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí ń kó epo àti àpótí ẹrù láti ìlú dé ìlú ń pariwo lọ́sàn-án àti lóru, apá tí ó pọ̀ jù nínú ariwo náà sì ń wá láti ihò tí ń fọ́ lẹ́yìn abẹ̀bẹ̀ wọn. Inú ariwo yìí ni àwọn àbùùbùtán ń gbé, àwọn tí ó jẹ́ pé ohùn ni wọ́n fi ń pe ọmọ wọn àti ọkọ tàbí aya wọn.

Àjálù kan ni ó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọ bí ó ti ń dùn wọ́n tó. Lẹ́yìn tí wọ́n kọlu Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2001, ọkọ̀ dín kù fún ìgbà díẹ̀ ní Bay of Fundy, ní Kánádà. Ariwo abẹ́ omi fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 wálẹ̀. Àwọn tí ń yẹ ìgbẹ́ àbùùbùtán wò ní àkókò náà rí i pé àmì ìdààmú ara dín kù nínú rẹ̀. Ọdún 2012 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde. Ní ọdún 2014, àjọ IMO tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi lágbàáyé fi ìlànà síta lórí bí ọkọ̀ ajé ṣe lè dín ariwo kù, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2023. Ìmọ̀ràn lásán ni, kì í ṣe òfin. Ní èbúté Vancouver, láti ọdún 2017, wọ́n ti ń rọ àwọn atukọ̀ láti dín eré kù bí wọ́n bá ń kọjá ní ibi tí àwọn orca, tí iye wọn kò tó 80, ti ń wá oúnjẹ. Púpọ̀ nínú wọn gbà, ariwo náà sì dín kù.

Láti Daring títí di Vancouver, nǹkan bí ọdún 120 ni. Fún Barnaby, ihò inú omi jẹ́ eré tí ó sọnù. Fún Rayleigh, ó jẹ́ ìkòkò tí ń kọrin. Fún ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi, ó jẹ́ olófòófó tí ń gbé lẹ́yìn ilé ẹni. Fún àbùùbùtán, ó jẹ́ ariwo ọjà tí kò tú ká rí. Gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i padà já sí ohun kan náà tí Parsons rí nínú agbada bàbà rẹ̀: omi ní ìwọ̀n tí ó lè fara dà. Kí wọ́n pín ẹrù, kí wọ́n fẹ apá, kí wọ́n wọ ibú, tàbí kí wọ́n rọra. Turbinia ṣì wà ní Newcastle, nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pẹ̀lú àwọn abẹ̀bẹ̀ kéékèèké lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Nínú òkun, ohun tí wọ́n bá fi agbára mú ń pariwo pẹ̀lú.